Kíkó sáfà lọ sílé tuntun nípasẹ̀ DNS: ọ̀nà wo ló yẹ áàpù yín?

Ẹ jẹ́ ká fi dátábéèsì PostgreSQL kan ṣe àpẹẹrẹ. db.example.com ni gbogbo áàpù fi ń pè é, 192.0.2.10 sì ni àdírẹ́sì rẹ̀. Sáfà yẹn ti gbó. Tuntun ti wà nílẹ̀ ní 198.51.100.20. Ní alẹ́ Sátidé, ẹni tó ń bójú tó DNS (ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì IP) pààrọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù A, ìyẹn ìlà tó so orúkọ mọ́ àdírẹ́sì, ó wò ó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rí àdírẹ́sì tuntun, ó lọ sùn. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ọjà tí àwọn oníbàárà rà ti pín sí méjì: òmíràn wà nínú dátábéèsì tuntun, òmíràn wà nínú èyí tí wọ́n rò pé àwọn ti fi sílẹ̀. Pípa irú méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ kì í ṣe eré rárá, pàápàá bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ọjà bá ti forí gbárí.

DNS kò jẹ̀bi. Ìgbà tí áàpù bá fẹ́ ṣí ìsopọ̀ ló máa ń bi DNS pé níbo ni db.example.com wà. Tí ìsopọ̀ TCP bá ti ṣí tán, orúkọ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Àdírẹ́sì IP méjì àti port méjì ló kù. Ẹ pààrọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà ọgọ́rùn-ún, ìsopọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kò ní gbọ́. Ohun tí a ó fi máa díwọ̀n gbogbo ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ yìí nìyẹn: ìgbà wo ni áàpù yìí máa ṣí ìsopọ̀ tuntun, ta ló sì máa sọ àdírẹ́sì fún un nígbà náà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pe sáfà yín

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí ẹnì kan kọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Sáfà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi:

```
SELECT client_addr, application_name, count(*) AS iye,
       date_trunc('second', max(now() - backend_start)) AS pe_to
FROM pg_stat_activity
WHERE backend_type = 'client backend'
GROUP BY 1, 2;

 client_addr  | application_name | iye |      pe_to
--------------+------------------+-----+------------------
 203.0.113.21 | oja-api          |  20 | 00:28:51
 203.0.113.34 | iroyin           |   6 | 19 days 04:12:07
 203.0.113.40 | psql             |   1 | 02:15:30
```

Òpó tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ìsopọ̀ oja-api kò dàgbà ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ìyẹn ni pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa ìsopọ̀ àtijọ́ tó sì ń ṣí tuntun. iroyin ní ìsopọ̀ tó ti pé ọjọ́ 19. Bí ẹ bá pààrọ̀ DNS lónìí, kò ní mọ̀ títí ẹnì kan fi máa tún un tàn. psql yẹn ńkọ́? Ẹnì kan ló gbàgbé tẹ́míná rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ṣe é léraléra, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ cron tó ń sáré ní aago méjì òru, àti èyí tó ń ṣe ìṣirò owó oṣù ní ìparí oṣù, kò ní sí níbẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá 192.0.2.10 kiri nínú gbogbo kóòdù, fáìlì ètò àti /etc/hosts pẹ̀lú grep. Áàpù tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí lórí ní tààràtà kò ní í ṣe pẹ̀lú DNS rárá, òun ló sì sábà máa ń jẹ́ kí alẹ́ gùn.

Ibi tí àdírẹ́sì àtijọ́ ń sá pamọ́ sí

Ibi kìíní ni cache (ibi tí a ń fi ìdáhùn pamọ́ sí fúngbà díẹ̀) ti resolver, ìyẹn sáfà tó ń bá áàpù wá àdírẹ́sì:

```
$ dig +noall +answer db.example.com
db.example.com.   2817   IN   A   192.0.2.10
```

2817 yẹn ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó kù kí resolver yín tó da ìdáhùn yìí nù. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti dín. Bí ẹ bá fẹ́ rí TTL (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìdáhùn lè fi wà nínú cache) gan-an tí a kọ, nameserver tó ni dòméènì ni kí ẹ bi, `dig @ns1.example.com db.example.com`, tibẹ̀ kì í dín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n sọ TTL di 60 ní wákàtí kan náà tí wọ́n máa pààrọ̀ àdírẹ́sì. Bí TTL bá jẹ́ 86400 tẹ́lẹ̀, resolver tó gba ìdáhùn ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú yín ní ẹ̀tọ́ láti máa lò ó títí di ọ̀la. Ẹ dín in kù ní ọjọ́ méjì ṣáájú. 60 tó, ẹ má fi sí 0, torí ẹrù tó máa kó bá nameserver yín pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ, alábòójútó Unbound níbòmíràn sì lè ti fi cache-min-ttl gbé e sókè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì pààrọ̀ nameserver ní ọ̀sẹ̀ kan náà: TTL tí .com ń fi sára rẹ́kọ́ọ̀dù NS jẹ́ 172800, ọjọ́ méjì gbáko, ẹ kò sì lè dín in kù.

Ibi kejì ni inú áàpù fúnra rẹ̀. JVM (ẹ̀rọ tó ń sáré áàpù Java) ní cache tirẹ̀, nginx (sáfà wẹ́ẹ̀bù) ní tirẹ̀, Chrome náà ní tirẹ̀, wọn kì í sì í fi gbogbo ìgbà wo TTL yín. Ibi kẹta ni ìsopọ̀ tó ti ṣí, tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: bí rẹ́kọ́ọ̀dù AAAA bá wà, ẹ pààrọ̀ òun náà. Tí ẹ bá yí A nìkan, àwọn tó ní IPv6 á ṣì máa lọ sílé àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí IPv4 á sì máa búra pé kò sí wàhálà.

Àwọn ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

*Pípààrọ̀ A àti AAAA ní tààràtà.* Òun ló rọrùn jù, kò bèèrè ohunkóhun nínú kóòdù. Ó dára bí áàpù yín bá ń ṣí ìsopọ̀ tuntun déédéé. Pípadà sẹ́yìn ń gba iye àkókò kan náà pẹ̀lú lílọ. Níbi tí orúkọ mẹ́wàá bá ń tọ́ka sí sáfà kan, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ máa yí i, ẹ ó sì gbàgbé ọ̀kan.

*CNAME.* Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń tọ́ka orúkọ kan sí orúkọ mìíràn ni. Níbí, gbogbo orúkọ mẹ́wàá á tọ́ka sí pg-a.example.com, ibì kan ṣoṣo lẹ máa yí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló wà. CNAME kò lè jókòó sórí dòméènì gan-an, ìyẹn example.com fúnra rẹ̀. TTL méjì ló ń ka, ti CNAME àti ti A tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dín méjèèjì kù. Ìkẹta ni TLS, ìdáàbòbò tó ń fi àṣírí bo ìsopọ̀: orúkọ tí áàpù pè ni wọ́n ń yẹ̀ wò lórí sàtífíkéètì, kì í ṣe orúkọ tí CNAME tọ́ka sí. Bí áàpù bá ń lo sslmode=verify-full, db.example.com gbọ́dọ̀ wà lórí sàtífíkéètì sáfà tuntun.

*Orúkọ méjì nínú áàpù.* Láti PostgreSQL 10 ni libpq (ohun èlò tí áàpù fi ń bá PostgreSQL sọ̀rọ̀) ti gbà kí a kọ sáfà tó ju ọ̀kan lọ:

```
postgresql://pg-a.example.com,pg-b.example.com/oja?target_session_attrs=read-write
```

Áàpù á gbìyànjú wọn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, á sì dúró sọ́dọ̀ èyí tó gbà kí a kọ nǹkan. Ní Java, targetServerType=primary ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Níwọ̀n ìgbà tí sáfà tuntun bá ṣì jẹ́ ẹ̀dà fún kíkà nìkan, kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan sí i. Bó bá ti di olórí tí ti àtijọ́ sì ti tilẹ̀kùn, áàpù á rí i fúnra rẹ̀ láìdúró de TTL kankan. Ewu rẹ̀ ni pé bí méjèèjì bá gba kíkọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà níwájú ló máa mú, èyí tó wà níwájú sì ni ti àtijọ́. Ohun tó tún ná yín ni pé ẹ gbọ́dọ̀ yí ètò gbogbo áàpù kí ẹ sì tún wọn tàn ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe dán pg-b.example.com wò kí ẹ tó kọ ọ́ sínú DNS o: ìdáhùn "kò sí" náà ń wọ cache, iye tó wà ní ìparí rẹ́kọ́ọ̀dù SOA ló sì ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ó lè jẹ́ wákàtí kan.

*Alágbàtà láàárín.* Fún PostgreSQL, PgBouncer ni mo máa mú bí áàpù bá pọ̀. Àwọn áàpù ń bá PgBouncer sọ̀rọ̀, òun ló ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ pàṣẹ PAUSE. Ó dúró kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ parí, ó sì da ìbéèrè tuntun dúró láìjẹ́ kí áàpù rí àṣìṣe. Ẹ yí host padà nínú pgbouncer.ini, ẹ RELOAD, ẹ RESUME. Oníbàárà á kàn rò pé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́ra díẹ̀ ni. Ìbéèrè tó bá dúró kọjá query_wait_timeout, tó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 120 bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ni wọ́n máa lé dànù, nítorí náà iṣẹ́ yín láàárín PAUSE àti RESUME kò gbọdọ̀ tó ìṣẹ́jú méjì. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ transaction pooling (áàpù ń dá ìsopọ̀ dátábéèsì padà lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan): ní session pooling, PAUSE máa dúró títí áàpù kọ̀ọ̀kan fi máa já ìsopọ̀ tirẹ̀, iroyin ọlọ́jọ́ 19 kò sì ní já. Bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ DNS sílẹ̀ nínú pgbouncer.ini dípò kí ẹ yí host, PgBouncer ń di ìdáhùn DNS mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, ètò rẹ̀ ni dns_max_ttl.

*Kí sáfà àtijọ́ máa darí àwọn èèyàn sí tuntun.* HAProxy tàbí socat lórí 192.0.2.10, tó ń gbé gbogbo ohun tó bá wọlé lọ sí 198.51.100.20. Nínú àwọn ọ̀nà tí a ti kà, òun nìkan ló gba áàpù tí wọ́n kọ IP sí lórí là. Ìdádúró máa pọ̀ sí i, torí ilé méjì ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá, àdírẹ́sì 192.0.2.10 sì ni sáfà tuntun máa rí fún gbogbo èèyàn. Ẹ gbà á láyè nínú pg_hba.conf (fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé) ibẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi iptables DNAT (òfin Linux tó ń yí àdírẹ́sì tí ìsopọ̀ ń lọ) ṣe é, ẹ rántí MASQUERADE àti ip_forward=1, kí ẹ sì mọ̀ pé ìsopọ̀ tó ti ṣí kí ẹ tó kọ òfin náà kò ní tẹ̀ lé e. Mo ka ọ̀nà yìí sí ẹ̀rọ ìrọ́pò: ẹ máa lò ó pa pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kù, fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀.

*Floating IP.* Bí sáfà méjèèjì bá wà ní datacenter kan náà, tí olùpèsè yín sì ní in, ẹ gbé IP kúrò lára ọ̀kan sára ìkejì, DNS kò ní mọ̀ rárá. Ìsopọ̀ tó ti ṣí máa já, kò burú. Láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tàbí láti ọ̀dọ̀ olùpèsè kan sí òmíràn, kò ṣeé ṣe.

Èdè tí wọ́n fi kọ áàpù ńkọ́?

| Áàpù | Àdírẹ́sì nínú cache tirẹ̀ | Ìsopọ̀ tó ṣí | Ohun tí ẹ máa yí |
|---|---|---|---|
| Java + HikariCP | ìṣẹ́jú-àáyá 30. Títí láé bí security manager bá wà | ìṣẹ́jú 30 | networkaddress.cache.ttl=10, maxLifetime=300000 |
| .NET HttpClient | kò sí | kò lópin bí kò bá jókòó láìṣiṣẹ́ | PooledConnectionLifetime, ìṣẹ́jú 2 |
| Go database/sql | kò sí | kò lópin | SetConnMaxLifetime(5 * time.Minute) |
| Python SQLAlchemy | kò sí | kò lópin | pool_recycle=300, pool_pre_ping=True |
| PHP-FPM | kò sí | parí pẹ̀lú ìbéèrè, àyàfi ATTR_PERSISTENT | bóyá kò sí |
| nginx, proxy_pass | títí di reload | – | resolver, tàbí reload |

Òpó "Ìsopọ̀ tó ṣí" ló máa ń ya àwọn tó ń kọ Go àti Python lẹ́nu. Wọ́n á ní "èdè wa kì í fi DNS pamọ́", òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n pool (àkójọ ìsopọ̀) tí wọ́n ṣí sílẹ̀ de iṣẹ́ kò bi DNS ní ohunkóhun láti ọjọ́ tí áàpù ti tàn. Go HTTP náà ń pa ìsopọ̀ tó bá jókòó láìṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 90, àmọ́ áàpù tí ọwọ́ rẹ̀ dí kì í jókòó. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń dí tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pẹ́ sọ́dọ̀ sáfà àtijọ́ tó.

Java ló gba àlàyé jù. networkaddress.cache.ttl jẹ́ ètò ààbò, inú fáìlì conf/security/java.security ló ń gbé (láti Java 9, ní Java 8, jre/lib/security). Ẹ lè kọ `-Dnetworkaddress.cache.ttl=10` sára àṣẹ tó ń tan áàpù, kò ní kùn, kò sì ní ṣiṣẹ́. Èyí tó ń gba ibẹ̀ wọlé ni `-Dsun.net.inetaddr.ttl=10`. Bí ẹ bá fi Security.setProperty ṣe é nínú kóòdù, ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbà àkọ́kọ́ tí áàpù máa wá orúkọ èyíkéyìí. maxLifetime HikariCP kò lè kéré ju 30000 lọ; 300000, ìyẹn ìṣẹ́jú 5, tó fún ọ̀sẹ̀ ìkólọ, ẹ sì lè dá a padà lẹ́yìn náà. Kì í pa ìsopọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó máa dúró kí wọ́n dá a padà sínú pool, torí náà ìbéèrè kan tó ń sáré fún wákàtí méjì máa di tirẹ̀ mú fún wákàtí méjì.

nginx ni alágídí tòótọ́. `proxy_pass https://api.example.com;` ń wá àdírẹ́sì nígbà tó bá ń tàn tàbí nígbà reload, ó parí. Ọ̀nà méjì ló wà láti tú u sílẹ̀. Láti ẹ̀dà 1.27.3, ẹ̀yà ọ̀fẹ́ náà ti gba ọ̀rọ̀ `resolve` lára server nínú upstream. Lórí ẹ̀dà tó ṣáájú ìyẹn, ẹ lo variable:

```
resolver 127.0.0.53 valid=30s;
set $ile api.example.com;
proxy_pass https://$ile;
```

Kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà kankan lẹ́yìn `$ile` níbẹ̀ yẹn. Bí variable bá wà nínú proxy_pass, nginx kì í pààrọ̀ apá location fún yín mọ́, ohun tí ẹ bá kọ ló máa fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́. Bí èyí bá dà bí wàhálà, `nginx -s reload` lẹ́yìn àyípadà DNS ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ rántí.

Ti gRPC (ọ̀nà kan tí àwọn áàpù fi ń pe ara wọn) kúrú: oníbàárà gRPC kì í wá orúkọ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá dá ṣáṣá. Ọ̀dọ̀ sáfà ni kí ẹ ti yanjú rẹ̀, pẹ̀lú MaxConnectionAge. Ó ń sọ fún oníbàárà pé kó múra, kó lọ ṣí òmíràn.

Wẹ́ẹ̀bù lè rìn díẹ̀díẹ̀, dátábéèsì kò lè

Bí ohun tí ẹ ń kó bá jẹ́ áàpù wẹ́ẹ̀bù tí kò tọ́jú nǹkan sínú ara rẹ̀, sáfà méjèèjì lè dáhùn pa pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ìjà. Ẹ lè lo rẹ́kọ́ọ̀dù oníwọ̀n, irú ti Route 53, kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kọ́kọ́ lọ sí tuntun. Ẹ kàn mọ̀ pé ìdá náà jẹ́ ti ìbéèrè DNS, kì í ṣe ti oníbàárà: resolver ńlá kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ìdáhùn kan, gbogbo wọn á sì tẹ̀ lé e títí TTL fi máa parí. Ẹ gba sàtífíkéètì sáfà tuntun pẹ̀lú ìdánwò DNS-01 (tó ń yẹ rẹ́kọ́ọ̀dù DNS wò), nítorí HTTP-01 (tó ń bi sáfà wẹ́ẹ̀bù) máa lọ kan ilẹ̀kùn sáfà àtijọ́ níwọ̀n ìgbà tí DNS kò tíì yí. Kí ẹ tó yí ohunkóhun:

```
curl --resolve api.example.com:443:198.51.100.20 https://api.example.com/
```

Èyí ń bá sáfà tuntun sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orúkọ gidi, sàtífíkéètì àti gbogbo rẹ̀. Ti PostgreSQL ni `psql "host=db.example.com hostaddr=198.51.100.20 sslmode=verify-full dbname=oja"`.

Dátábéèsì kò fara mọ́ ìgbẹ̀kẹ̀lé TTL. TTL kò lè sọ fún yín pé ẹni ìkẹyìn ti kúrò, ẹnì kan ṣoṣo tó kù sẹ́yìn sì ti tó láti ba nǹkan jẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn sáfà àtijọ́, bí ẹ bá ti ń ṣe é, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò yìí.

Lórí sáfà àtijọ́, ẹ kọ ìlà méjì yìí sókè pátápátá nínú pg_hba.conf:

```
host  all  all  0.0.0.0/0  reject
host  all  all  ::/0       reject
```

`all` tó wà ní ipò dátábéèsì kò kan physical replication, nítorí náà sáfà tuntun tó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ibẹ̀ kò ní já. (Bó bá jẹ́ logical replication lẹ ń lò, ó máa kàn án, ẹ kọ ìlà tó gbà á láyè sókè méjèèjì.) Lẹ́yìn náà:

```
SELECT pg_reload_conf();
SELECT pg_terminate_backend(pid) FROM pg_stat_activity
WHERE backend_type = 'client backend' AND pid <> pg_backend_pid();
```

Ìlà reject ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá kọ́kọ́ já wọn, kí ẹ tó ṣẹ́jú wọ́n ti padà wọlé. Ìlà host kò sì kan ẹni tó bá gba Unix socket wọlé. Ọ̀nà tiyín nìyẹn, ọ̀nà cron tó wà lórí sáfà yẹn náà sì ni, ẹ dá a dúró.

Ẹ wá ka `pg_current_wal_lsn()`, ìyẹn ibi tó kọ nǹkan dé, lórí àtijọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹ máa wo `pg_last_wal_replay_lsn()` lórí tuntun títí tó fi máa dé ibẹ̀ tàbí kọjá. Ẹ má retí kí méjèèjì dọ́gba, nítorí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lè ṣì máa sún ti àtijọ́ síwájú. Nígbà náà ni `SELECT pg_promote();` lórí tuntun (PostgreSQL 12 sókè), lẹ́yìn rẹ̀ ni DNS.

Láti ìgbà yẹn ẹ ń ka àkókò. TTL 60, JVM 30: áàpù Java tó bá ṣe oríburúkú jù á rí àdírẹ́sì tuntun lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 90. Ẹ jẹ́ kí ìgbìyànjú áàpù gùn ju ìyẹn lọ. Bó bá ń sinmi 1, 2, 4, 8, 16, lẹ́yìn náà 30 lẹ́ẹ̀mẹta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 121, ó tó. Èyí tó ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó sì kú, ẹ tún un tàn fúnra yín.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má pa ẹ̀rọ àtijọ́. Sáfà tó kọ èèyàn ní kíá sàn ju èyí tí kò dáhùn lọ. Bí ẹ bá pa á, tàbí tí firewall ń ṣe DROP dípò REJECT, Linux á máa tún SYN (ìbéèrè láti ṣí ìsopọ̀) rán fún bí ìṣẹ́jú méjì kó tó gbà pé kò sẹ́nìkan nílé, libpq fúnra rẹ̀ kò sì ní connect_timeout àyàfi tí ẹ bá kọ ọ́. Ẹ kọ connect_timeout=5 sínú gbogbo wọn.

Ti pípadà sẹ́yìn: fún wẹ́ẹ̀bù, ẹ dá DNS padà, ó tán. Fún dátábéèsì, láti ìgbà tí oníbàárà kan bá ti ra ọjà lórí tuntun, dídá DNS padà túmọ̀ sí pé ẹ pàdánù ọjà yẹn. Àyè ìpinnu yín wà láàárín reject àti pg_promote, kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Áàpù orí fóònù

Ẹ kò lè tún fóònù ẹnikẹ́ni tàn. Ó dùn mọ́ni pé fóònù ń pààrọ̀ nẹ́tíwọ̀kì léraléra, OkHttp sì ń pa ìsopọ̀ tó bá jókòó láìṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, nítorí náà ọ̀pọ̀ á tẹ̀ lé DNS fúnra wọn. Ohun tó ń pa áàpù fóònù ni certificate pinning: bí áàpù bá ti há kọ́kọ́rọ́ sàtífíkéètì àtijọ́ sórí, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ kan náà lọ sí sáfà tuntun. Ẹ má fi ẹ̀dà tuntun sórí Play Store kí ẹ sì rò pé gbogbo èèyàn á gbà á lọ́sẹ̀ yẹn. Níbí ni kí sáfà àtijọ́ máa darí àwọn èèyàn ti wúlò jù.

Ìgbà tí ẹ lè pa ti àtijọ́

Lórí 192.0.2.10, ẹ jẹ́ kí àṣẹ yìí máa sáré:

```
tcpdump -ni any 'dst host 192.0.2.10 and tcp port 5432 and tcp[tcpflags] & tcp-syn != 0'
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde jẹ́ ẹnì kan tó ṣì ń kan ilẹ̀kùn, àdírẹ́sì rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lọ bá a nílé. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ìparí oṣù fi máa kọjá, nítorí cron owó oṣù yẹn. Bí kò bá ti sí ìlà kankan mọ́, ẹ pa sáfà náà, kí ẹ sì dá TTL padà sí 3600.